Ìdílé N àti ẹ́ńsáìmù tí ìka rẹ̀ kú

Ènìyàn mẹ́ta, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ni àrùn kan náà mú. Kókó ń hù nínú ìfun ńlá wọn, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, jẹjẹrẹ sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. A kò mọ orúkọ wọn, kò sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ìdílé N ni àwọn olùwádìí ní Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, pè wọ́n nígbà tí àbájáde iṣẹ́ náà jáde nínú Nature Genetics, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ jíìnì, ní ọdún 2002. Orúkọ Nada Al-Tassan ló ṣáájú lára àwọn tó kọ ọ́. Julian Sampson àti Jeremy Cheadle wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Sheila David, onímọ̀ kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí bí ara ṣe ń tún DNA ṣe, ṣùgbọ́n èyí ni mo máa ń padà sí. Ara aláìsàn ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì dúró títí ó fi dé orí ẹ̀yà kékeré kan lára ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yà tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí.

Dókítà tó bá rí irú kókó bẹ́ẹ̀ lára ọmọ ìyá mẹ́ta, jíìnì APC ni ọkàn rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ sí. APC ni ìjánu sẹ́ẹ̀lì ìfun. Bí ìjánu yìí bá já, sẹ́ẹ̀lì á máa pín ṣáá. Àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n ń jogún APC tó ti bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ òbí kan, tí àrùn náà sì ń bá ìran wọn bọ̀ láti orí òbí dé orí ọmọ. Wọ́n yẹ APC tí Ìdílé N jogún wò. Ó pé. Kò sí àlébù kankan níbẹ̀.

Inú kókó fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kókó 11 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí ibi 18 tí APC ti bàjẹ́ nínú wọn. Ẹnikẹ́ni kò jogún ìbàjẹ́ wọ̀nyí. Inú ìfun ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀, nínú sẹ́ẹ̀lì tó di kókó. Lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, ni wọ́n fi kọ DNA, G a máa dojú kọ C, T a sì máa dojú kọ A. Nínú 18 yìí, 15 jẹ́ irú kan náà: ibi tí G ti dojú kọ C tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí T ti dojú kọ A.

Ẹ fojú inú wo akọ̀wé tó ń da ìwé kọ. Bí ó bá ṣe àṣìṣe 18, wọn yóò fọ́n káàkiri: yóò fo ọ̀rọ̀ níhìn-ín, yóò kọ òmíràn lẹ́ẹ̀mejì lọ́hùn-ún, yóò fi lẹ́tà kan rọ́pò èkejì níbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí 15 nínú 18 bá jẹ́ pé lẹ́tà kan náà ló ń di lẹ́tà kan náà, a kò ní sọ pé àárẹ̀ ló mú un. Ohun kan wà tó ń tàn án jẹ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹni tó yẹ kó máa yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fi í wé kókó àwọn tó jogún àlébù APC, wọ́n tún fi í wé kókó àwọn tí kò jogún nǹkan kan. Nínú èyíkéyìí, G tó di T kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń fi bakitéríà ṣiṣẹ́ ti mọ àmì yìí tipẹ́. Nínú E. coli, bí jíìnì mutM tàbí mutY bá bàjẹ́, G:C a máa di T:A. Bí méjèèjì bá bàjẹ́ pọ̀, àṣìṣe náà á pọ̀ kọjá àròpọ̀ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwa ènìyàn náà ní tiwa: OGG1 ló ń ṣe iṣẹ́ mutM lára wa, MUTYH sì ni ìbátan mutY, tí wọ́n ń pè ní MYH nígbà yẹn. Ẹgbẹ́ Cardiff wá ka MUTYH. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù ní, àlébù sì wà nínú méjèèjì lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ẹ̀dà kan, tyrosine, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tí wọ́n fi ń to purotéènì, tó wà ní ipò 165 ti di ẹ̀yà mìíràn, cysteine. Nínú èkejì, glycine ipò 382 ti di aspartic acid. (Ẹni tó bá ń ka ìwé tòde òní yóò rí 179 àti 396. Àlébù kan náà ni. Ẹ̀dà jíìnì tó gùn jù ni wọ́n fi ń kà á báyìí.)

Títí di ọjọ́ yẹn, wọn kò tíì so àrùn àjogúnbá kankan lára ènìyàn mọ́ irú àtúnṣe yìí, èyí tó ń yọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kúrò nínú DNA tí ó sì ń fi èyí tó tọ́ dí àyè rẹ̀.

Báwo ni tyrosine kan ṣe wá lè fa gbogbo èyí? Ibí ni mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀.

Nínú lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin DNA, G ni ọ́síjìn ń rí mú jù, torí òun ló rọrùn jù láti gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì dìgbà tí májèlé bá wọ ara. Níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń fi ọ́síjìn sun oúnjẹ láti rí agbára, díẹ̀ a máa já gbà nínú rẹ̀, á di oníjàgídíjàgan, á sì máa bá ohun tó bá pàdé jà. Bí ó bá ba G, nǹkan méjì péré ló ń yí padà. Ọ́síjìn kan á gùn sórí kábọ́nù kẹjọ. Háídírójìn kan á sì lẹ̀ mọ́ náítírójìn keje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 8-oxoG ni orúkọ ohun tó dà. Kasai àti Nishimura ní Jàpáánù ló kọ́kọ́ fi hàn, ní ọdún 1984.

Ìyàtọ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí okùn DNA kì í fi í hàn. Kò wú, kò wọ́, kò já. 8-oxoG ṣì lè dojú kọ C gẹ́gẹ́ bí G ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn tuntun yẹn ń fún ẹ̀yìn okùn mọ́ ara rẹ̀, ara kì í sì í rọ lẹ́tà náà níbẹ̀. Bí ó bá yí ẹ̀yìn padà sí òdì kejì, ara á tù ú. Nígbà tó bá yí bẹ́ẹ̀, háídírójìn tuntun tó wà lórí náítírójìn keje á bọ́ síwájú, A ni yóò sì bá ṣe wẹ́kú. Ẹ́ńsáìmù tó ń da DNA kọ yóò wò ó, yóò rí ìbáramu tó jọ ti T àti A gan-an ní ìwọ̀n àti ní ìrísí, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí DNA bá tún di dídàkọ lẹ́ẹ̀kejì, A náà á pe T wá. G ti di T nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò fura.

Ọ̀nà méjì ni ara fi ń gbógun ti èyí, ọ̀kan kí àṣìṣe tó wọlé, ìkejì lẹ́yìn tó ti wọlé tán. OGG1 ló ń ṣọ́ àkọ́kọ́. MUTYH, tó bàjẹ́ lára Ìdílé N, ló ń ṣọ́ ìkejì. Ẹni tí kò bá mọ bí OGG1 ṣe ń mọ nǹkan kò lè mọ bí iṣẹ́ MUTYH ṣe le tó, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ní ìbáramu lẹ́tà bíi bílíọ̀nù 6. Ẹ́ńsáìmù kò ní ojú. Ọwọ́ ló fi ń tọ́ nǹkan wò, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ní 2006, Blainey, Verdine, Xie àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi àwọ̀ tó ń tàn kun OGG1 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n na DNA gbọọrọ, wọ́n sì ń wo ẹ́ńsáìmù náà bí ó ṣe ń yọ̀ síwá sẹ́yìn lórí okùn. Ìyára rẹ̀ pọ̀ débi pé ohun tó ń dá a dúró lójú ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Kò lè jókòó pẹ́ ti lẹ́tà kan. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní parí iṣẹ́ láé.

Ohun tó ń ṣe bí ó bá kan 8-oxoG, àwòrán kírísítálì tí Bruner, Norman àti Verdine gbé jáde ní Harvard ní ọdún 2000 ló là á fún wa. Kí wọ́n tó lè mú un lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní láti gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀: wọ́n pààrọ̀ lysine ipò 249 tó fi ń gé nǹkan, kí ó lè di DNA mú láìgé e. Nínú àwòrán náà, OGG1 ti tẹ DNA kọdọrọ, ó tó ìwọ̀n 70 nínú 360 òbìrípo kan. Lẹ́tà tó bàjẹ́ kò sí nínú okùn mọ́; ó ti yí jáde pátápátá, ó sì ti wọ inú àpò kan lára ẹ́ńsáìmù náà. Ẹ̀yà kan tó ń jẹ́ asparagine 149 ti ki ara rẹ̀ bọ àyè tó ṣófo, kí okùn má baà wó.

Nínú àpò yẹn ni ìdájọ́ ti ń wáyé. Gbogbo wa ni à bá rò pé ọ́síjìn tuntun tó wà lórí kábọ́nù kẹjọ ni ẹ́ńsáìmù náà á dì mú, òun ṣáà ni ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ́ńsáìmù náà kò fọwọ́ kàn án rárá. Ohun tó ń tọ́ wò ni háídírójìn kékeré tó wà lórí náítírójìn keje. Glycine ipò 42 na ọ́síjìn tirẹ̀ síbẹ̀, háídírójìn náà sì so wọ́n pọ̀. G tí kò bàjẹ́ kò ní háídírójìn níbẹ̀. Ohun tó ní ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kọjú síta, ìyẹn náà ló wà lórí ọ́síjìn glycine, irú iná kan náà sì ń lé ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ìdè háídírójìn kan ṣoṣo ló wà láàárín ẹni tí a ó gé àti ẹni tí a ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lóye èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní 2005, ilé ìwádìí Verdine kan náà fipá so OGG1 mọ́ G tí kò ní àlébù. G náà yí jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọ àpò. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, nǹkan bí ìdajì nánómítà sí ibi tí wọ́n ti ń gé. Ìmọ̀ OGG1 kò wà níbì kan ṣoṣo: ẹnu ọ̀nà ti yẹ̀ ọ́ wò kí àpò tó gbà ọ́.

OGG1 ṣì ní ìdánwò kan tó ń ṣe, òun ló sì so ó pọ̀ mọ́ ìtàn Ìdílé N. Bí ó ti ń yẹ lẹ́tà tó bàjẹ́ wò, ó ń fi ọwọ́ kejì yẹ ẹni tó dojú kọ ọ́ wò. Arginine 154 àti arginine 204, pẹ̀lú asparagine 149 yẹn, di C mú gírígírí. Bí ó bá jẹ́ A ló wà níbẹ̀, OGG1 kì í fẹ́ gé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ká ní ó gé 8-oxoG tó dojú kọ A, ẹ́ńsáìmù tó ń dí àyè yóò wo A, yóò sì fi T síbẹ̀. Alátùn-únṣe fúnra rẹ̀ ni ì bá fi òǹtẹ̀ lu àṣìṣe náà.

Nítorí náà, bí A bá ti bọ́ sí iwájú 8-oxoG, OGG1 dúró. MUTYH ló kù.

Iṣẹ́ tí wọ́n wá gbé lé MUTYH lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ yọ lẹ́tà tó bàjẹ́. A ló gbọ́dọ̀ yọ, A tí kò ní ẹ̀bi kankan lára, tí kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti àìmọye A tó wà níbi tó tọ́ sí wọn, níwájú T. Bí MUTYH bá fi ọwọ́ tọ́ A wò, kò lè rí nǹkan kan. Ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ wà lára ẹlòmíràn, ní òdì kejì okùn. Ìbáramu ni ẹ́ńsáìmù yìí gbọ́dọ̀ mọ̀, kì í ṣe lẹ́tà.

8-oxoG tó yí ẹ̀yìn padà láti bá A mu ló ń tú ara rẹ̀ fó. Nígbà tó yí, ẹ̀ka náítírójìn rẹ̀ kan, tí ó máa ń wà ní ìhà kejì tẹ́lẹ̀, á yọ jáde sínú kòtò fífẹ̀ DNA. Kò sí ìbáramu tó dára tí nǹkan kan ń yọ síta níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ Sheila David àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá mú ẹ̀ka yìí kúrò, MutY, ẹ́ńsáìmù tí jíìnì mutY ń ṣe, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìbáramu náà mọ́. Lẹ́yìn tó bá ti kọsẹ̀ lára rẹ̀, ẹ́ńsáìmù á gbá DNA mọ́ra yípo. Apá rẹ̀ kan á di 8-oxoG mú, apá kejì á fa A wọ inú àpò, yóò sì gé e.

Fromme, Banerjee, Huang àti Verdine ya àwòrán èyí ní 2004 pẹ̀lú MutY bakitéríà. Tyrosine kan wà nínú àwòrán náà tó ki ara rẹ̀ bọ inú okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ 8-oxoG, bí ẹni tó fi ìka wọ àárín ojú ewé méjì kí ìwé má pa dé. Òrùka rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló fi ń jókòó sáàárín lẹ́tà àti lẹ́tà. Òun ló bá tyrosine 82 nínú E. coli dọ́gba, òun náà ló sì bá tyrosine 165 lára ènìyàn dọ́gba. Ohun tó ti sọnù lára Ìdílé N nìyẹn.

Cysteine tó gba ipò rẹ̀ kúrú, kò ní òrùka, kò sì lè jókòó níbẹ̀. Ẹ́ńsáìmù náà wà láàyè, ó ṣì ń rìn lórí DNA, ó ṣì ní abẹ lọ́wọ́. Ìka tó fi ń mọ ibi tó wà ló kú. Ti glycine 382 yàtọ̀: glycine ló kéré jù nínú gbogbo ẹ̀yà purotéènì, aspartic acid tó rọ́pò rẹ̀ tóbi jù ú, ó sì gbé iná òdì kan náà tí ẹ̀yìn okùn DNA gbé, ìyẹn sì ń tì í sẹ́yìn kúrò lára ohun tó yẹ kó dì mú.

Wọn kò dúró lórí àbá. Wọ́n ṣe àlébù méjèèjì sínú MutY ti E. coli, wọ́n fún un ní DNA tí 8-oxoG ti dojú kọ A, wọ́n sì wo bí ó ṣe ń gé sí. Iṣẹ́ méjèèjì rẹlẹ̀ gan-an, ti tyrosine ló sì burú jù. Nígbà tí àwọn mìíràn ka àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn lẹ́yìn náà, ohun kan náà ni wọ́n rí: ẹni tó gba àlébù tyrosine láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì, àrùn rẹ̀ máa ń yára dé ju ti ẹni tó gba àlébù glycine méjì lọ. Ohun tí ẹ́ńsáìmù ṣe nínú ike àyẹ̀wò ló ṣe lára ènìyàn.

APC ńkọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ òun ló kọ́kọ́ fara gbá? GAA pọ̀ nínú jíìnì yẹn, ó sì ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó fi ẹ̀yà purotéènì kan síbẹ̀. Bí G àkọ́kọ́ bá di T, ó di TAA, èyí tó túmọ̀ sí: dúró níbí. Purotéènì á gé kúrú, ìjánu á já. Irú GAA bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ lára àṣìṣe inú kókó Ìdílé N bọ́ sí.

Ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà rìn nínú ìdílé tún yàtọ̀ sí ti APC, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ ìròyìn náà lẹ́nu dókítà. Ẹni tó ní ẹ̀dà MUTYH kan tó pé ní ìka tó ń tọ́ nǹkan. Kókó kì í hù lára rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá àti ìyá lè ní àlébù kọ̀ọ̀kan kí ara wọn sì le koko. Láàárín àwọn ará Yúróòpù tó ti àríwá wá, ẹni 1 sí 2 nínú 100 ló ní irú ẹ̀dà kan bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí méjèèjì bá pàdé lára ọmọ kan ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bí. Ìdí nìyẹn tí a fi lè rí tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta tí àìsàn mú nígbà tí kò sí nínú ìran tó ṣáájú wọn. Ṣáájú 2002, irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ pé APC àwọn pé, àlàyé á sì parí síbẹ̀. Lónìí, àyẹ̀wò wà fún ọmọ ìyá aláìsàn, ẹni tí àlébù méjì bá sì wà lára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo inú ìfun rẹ̀ láti nǹkan bí ọmọ ọdún 18 sí 20, ní ọdún kan tàbí méjì síra wọn, kí wọ́n máa gé kókó kó tó di jẹjẹrẹ.

Ọ̀nà tí Cardiff gbà wá ti di ọ̀nà tí àwọn ilé àyẹ̀wò ń gbà. Nígbà mìíràn, kókó ni wọ́n ń kà ṣáájú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á rí i pé KRAS, jíìnì mìíràn tó ń darí ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì, ti yí padà láti GGT sí TGT ní ipò kejìlá. Wọ́n á wo gbogbo DNA kókó náà, G tó di T á pọ̀ nínú rẹ̀, ní àwòṣe tí wọ́n ti sọ ní SBS36. Wọn kò tíì béèrè lọ́wọ́ aláìsàn bóyá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní kókó nínú ìfun. Wọ́n ti mọ ẹ́ńsáìmù tí wọ́n máa lọ yẹ̀ wò.